JAMB, WAEC àti kọ̀ǹpútà: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ló sì ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ wa?

Láti ọdún 2025 tí ọ̀rọ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ti di ariwo ni voice note ò ti dáwọ́ dúró lórí WhatsApp. Ẹnì kan á ní kọ̀ǹpútà WAEC ló fìdí àwọn ọmọ rẹmi, ẹlòmíì á ní JAMB ló fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ WAEC lọ́wọ́, ẹlòmíì tún ní ìjọba ti fòfin de bébà pátápátá, kò sí bírò mọ́, kò sí ìwé mọ́, gbogbo ẹ̀ ti di kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ ọ̀kan tí màmá kan ń sunkún nínú ẹ̀, ọmọ ẹ̀ gba 146, ó sì dá màmá yẹn lójú pé WAEC ló fà á. WAEC kì í fún èèyàn ní 146, JAMB ló ń fúnni ní irú máàkì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá a wí, torí lọ́dún kan náà, láàárín oṣù mẹ́ta síra wọn, àjọ méjèèjì gbé èsì tó ní àṣìṣe jáde, àwọn méjèèjì ló sì padà wá bẹ aráàlú. Ọdún yẹn náà ni ìjọba tún ń sọ pé kí WAEC àti NECO kúrò lórí bébà. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọ́n kàn kó wọnú ara wọn ni, ẹ jẹ́ ká tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí JAMB 2025?

UTME, ìyẹn ìdánwò tí gbogbo wa ń pè ní JAMB, bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, 2025. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, JAMB kéde pé nínú èsì 1,955,069 tó wà nílẹ̀, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni ò gbà tó 200 nínú 400. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró lórí nọ́ńbà yẹn ná, torí òun ló da ọ̀rọ̀ rú jù. 200 kì í ṣe páàsì. JAMB ò ní páàsì tàbí féèlì, ṣe ni wọ́n ń to àwọn ọmọ sórí ìlà, kí yunifásítì lè mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Àti pé lọ́dún 2024, nínú èsì 1,842,464, nǹkan bí 76% ni ò dé 200, irú ariwo yìí ò sì gbòde lọ́dún yẹn. Nítorí náà, pé ọ̀pọ̀ ọmọ wà nísàlẹ̀ 200 lọ́dún 2025, ìyẹn nìkan ò fi hàn pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, tiẹ̀ sọ nígbà náà pé àmì ni pé wọ́n ti ń rí àwọn tó ń jí ìwé wò mú, pé ìdánwò ti ń lọ bó ṣe yẹ kó máa lọ.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn fura ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èsì wéra. Ọmọ tó gba máàkì gidi lọ́dún tó kọjá wá gba ìdajì ẹ̀, odidi sẹ́ńtà á jáde, kò ní sí ẹni kan níbẹ̀ tó gba nǹkan tó ṣeé fi yangàn, àwọn tísà tó mọ ọmọ wọn dáadáa á ní rárá o, èyí ò jọ ọ́. Alex Onyia, ọ̀gá Educare, iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ilé ìwé, wà lára àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà kanrí, ó ń kó ẹ̀sùn àwọn ọmọ jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń pè fún àyẹ̀wò. JAMB gbà, wọ́n pe àwọn onímọ̀ láti ìta wá wò ó.

Ní ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, pe àwọn oníròyìn jọ, ó ní àṣìṣe wà, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Iye tó kà jáde nìyí: ọmọ 379,997 ní sẹ́ńtà 157. Nínú ẹ̀, sẹ́ńtà 65 wà nípìnlẹ̀ Èkó, ọmọ 206,610 ló ṣe ìdánwò níbẹ̀. Àwọn 92 tó kù wà nípìnlẹ̀ márùn-ún tó jẹ́ ti àwọn Igbo, ọmọ 173,387. Nínú ìpínlẹ̀ Yorùbá, Èkó nìkan ni. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí mo ti rí i kà níbi púpọ̀ pé Ìbàdàn wà nínú ẹ̀, Abẹ́òkúta wà nínú ẹ̀. Wọn ò sí nínú ẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn tọ́rọ̀ kàn padà wá ṣe é láti ọjọ́ 16 oṣù yẹn. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìkéde, WAEC sì ń lọ lọ́wọ́ lásìkò yẹn gan-an, torí ọjọ́ kan náà, 24 oṣù kẹrin, ni JAMB àti WAEC jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn àjọ méjèèjì ní láti jókòó sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ tó ní ìwé WAEC àti JAMB lọ́jọ́ kan náà.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè máàkì òótọ́ sí irọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, torí ibi tí kókó wà nìyí.

Nítorí kí ọmọ má baà wo ojú kọ̀ǹpútà ọmọ tó jókòó tì í, JAMB máa ń po ìbéèrè pọ̀ bí ìgbà téèyàn ń po káàdì Whot. Ìbéèrè kìíní ọmọ yìí lè jẹ́ ìbéèrè kejìlélógún ọmọ tọ̀hún. Lọ́dún 2025, wọ́n tún fi kún un, wọ́n po àwọn ìdáhùn náà pọ̀. Ká sọ pé ìbéèrè ní kí ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lójú kọ̀ǹpútà ọmọ àkọ́kọ́, Òṣogbo lè wà ní A, lójú tẹnìkejì ó lè wà ní C. Àwọn méjèèjì tẹ Òṣogbo, àwọn méjèèjì gbà á. Ṣùgbọ́n sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń máàkì, ò mọ Òṣogbo, lẹ́tà ló ń rí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé lọ́dọ̀ ọmọ yìí A ni, lọ́dọ̀ ọmọ yẹn C ni. Tí sáfà ò bá mọ̀ pé wọ́n ti po ìdáhùn pọ̀, á máa fi ètò àtijọ́ máàkì ìwé tuntun, ọmọ tó mọ̀ ọ́n á kùnà, ọmọ tó kàn ń méfò á ṣèèṣì gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. JAMB ní agbo sáfà méjì, wọ́n ń pe ọ̀kan ní KAD, wọ́n ń pe èkejì ní LAG. Àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n fi sórí méjèèjì kó tó di pé ìdánwò bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi sórí KAD, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ò fi sórí LAG. LAG ló sì ń bójú tó Èkó àti ọ̀dọ̀ àwọn Igbo.

Ẹ wá rí i, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ọmọ ló bàjẹ́. Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì náà, torí nígbà ìdánwò gbogbo kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn so mọ́ sáfà kan tó wà nínú sẹ́ńtà fúnra ẹ̀, ìdánwò lè lọ ká má rí nẹ́tíwọ̀kì rárá níta. Ọmọ rí ìbéèrè, ó tẹ ìdáhùn, ó rí i pé ó ti wọlé, ó parí, ó jáde. Kò sí àmì kankan tó lè rí. Wàhálà inú bébà, téèyàn bá fẹ́ o, ó máa ń hàn: bébà ò dé, ojú ìwé kan sọnù, wọn ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èyí ò hàn sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn, àní sí ẹni tó ni sẹ́ńtà.

WAEC ńkọ́? Ṣé kọ̀ǹpútà ló da tiwọn náà rú?

Orí bébà ni àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe WAEC oṣù karùn-ún 2025. Bírò, pẹ́ńsù HB, tábìlì onígi, bá a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń sọ pé kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kí ọmọ òun fèéèlì WAEC ọdún yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, WAEC gbé èsì jáde: ọmọ 754,545 nínú 1,969,313 ló ní krẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú ẹ̀, ìyẹn 38.32%. Lọ́dún 2024, 72.12% ni. Ó já bọ́ bí ẹni já sí kànga. Gbogbo ilé ló gbóná, àwọn tísà gba ìbáwí, àwọn òbí ní fóònù ló ba ayé àwọn ọmọ jẹ́, TikTok ló fà á. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, WAEC ti ojú ìkànnì tí wọ́n fi ń wo èsì, wọ́n ní àwọn ti rí àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, 38.32% ti di 62.96%. Ọmọ 1,239,884. Ẹ yọ tàkọ́kọ́ kúrò nínú tẹ̀yìn, ọmọ 485,339 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún pé wọn ò yege, tí wọ́n sì yege. Àwọn kan ti jẹ ẹgba nílé kí àtúnṣe tó dé.

Kí ló fà á? WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í po ìbéèrè pọ̀. Lọ́dún yẹn, ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì àti Ẹkonómíìsì, wọ́n to ìbéèrè olóbjẹ́ẹ̀tífù ní oríṣiríṣi, kí àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì kan náà má baà ní bébà tó jọra, NECO ti ń ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wọn. Lórí Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń tẹ bébà kì í ṣe èyí tó yẹ, kọ̀ǹpútà tó ń máàkì wá ń fi ìdáhùn bébà kan máàkì bébà mìíràn.

Ẹ fi wé ti JAMB. Ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí bébà, àṣìṣe kan náà ni: wọ́n po ìbéèrè pọ̀ kí ọmọ má baà jí ìwé wò, ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì ò tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé èsì jáde kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá òye mu. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jà pé bébà dáa tàbí kọ̀ǹpútà dáa, ibi tí àwọn ọmọ ti fara gbọgbẹ́ ní 2025 kò sí nínú ìjà yẹn rárá. Ó wà láàárín ìgbà tí ọmọ parí ìdánwò àti ìgbà tí wọ́n tẹ èsì síta.

Ta ló ní kí WAEC àti NECO lọ sórí kọ̀ǹpútà?

Ìjọba àpapọ̀ ni. Nígbà tí JAMB 2025 ń lọ lọ́wọ́, kó tó di pé àṣìṣe jáde, Mínísítà Alausa kéde pé WAEC àti NECO máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olóbjẹ́ẹ̀tífù lórí kọ̀ǹpútà ní oṣù kọkànlá 2025, tó bá fi máa di oṣù karùn-ún 2026, gbogbo ẹ̀, títí kan ẹ́sè, á ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé bí JAMB bá lè ṣe é fún ọmọ mílíọ̀nù méjì, àwọn yòókù náà lè ṣe é.

Kì í ṣe pé WAEC ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé, àwọn tá a máa ń pè ní àwọn GCE. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé olóbjẹ́ẹ̀tífù wà lórí kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ́sè, ìbéèrè ẹ̀ hàn lórí kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n inú ìwé ni wọ́n ti kọ ìdáhùn. JAMB náà gba irú ọ̀nà yẹn kọjá. Ní 2013, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dibu Ojerinde tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, èèyàn lè yan bébà tàbí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń fi ìbéèrè hàn tí ọmọ á sì dáhùn lórí bébà, ọdún 2015 ni wọ́n tó pa bébà tì.

Kí ló ń lé ìjọba léré? Expo, ìyẹn ìbéèrè tó ń jò síta ṣáájú ìdánwò. Bébà máa ń rìnrìn àjò: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ síbì kan, wọ́n á pín in, gbogbo ibi tó bá ti dúró ni ẹnì kan ti lè ya fọ́tò ẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, 2025, ìwé Gẹ̀ẹ́sì WAEC pẹ́ débi pé ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, òru ni àwọn ọmọ kọ ọ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti iná fóònù. WAEC tọrọ àforíjì, wọ́n ní nítorí kí ìbéèrè má baà jò síta ni àwọn fi pẹ́. Àwọn tó fara mọ́ kọ̀ǹpútà máa ń nàka sí fọ́tò àwọn ọmọ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á ní ẹ sọ fún wa pé èyí dáa ju kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo.

Kí làwọn tó ní kò tíì yá ń sọ?

Ní oṣù kọkànlá 2025, Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá fọwọ́ sí àbá kan pé kí ìjọba dáwọ́ ètò náà dúró, kí wọ́n sún un di 2030, kí wọ́n kọ́kọ́ gba tísà kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn, kí wọ́n pèsè iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kó yé wa o, àbá irú ẹ̀ kì í ṣe òfin, ìmọ̀ràn ni, mínísítà lè gbà á, ó sì lè má gbà á. Àwọn tó ń pín in kiri pé "wọ́n ti fagi lé e" ò ka ìdí ẹ̀.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ ká jọ ṣe, torí ó jẹ́ kí n lóye ìbẹ̀rù àwọn tísà. JAMB lo sẹ́ńtà tó lé ní 800. Wọ́n ní kí sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà 250 ó kéré tán. Ẹ sọ 800 di ìlọ́po 250, ó jẹ́ ọmọ 200,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. WAEC ní ọmọ tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì, gbogbo wọn ló sì ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ sẹ́ńtà tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n máa lò, Gẹ̀ẹ́sì nìkan á gba nǹkan bí ìpele mẹ́wàá, ìyẹn ọ̀wọ́ ọmọ mẹ́wàá tó máa wọlé tẹ̀ lé ara wọn. JAMB ń ṣe é bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ ń wá, wákàtí méjì ló máa lò, ó ti parí, ìdí nìyẹn tí ìdánwò wọn fi ń gba ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀. Ọmọ WAEC á wá fún Gẹ̀ẹ́sì, á wá fún Ìṣirò, á wá fún Fíísíìsì, ó lè tó ìwé mẹ́sàn-án.

Tí wọ́n bá sì pín ọmọ sí ìpele mẹ́wàá, ìbéèrè tí ìpele àkọ́kọ́ rí kò lè jẹ́ èyí tí ìpele kẹwàá máa rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ expo á wọlé láti ojú fèrèsé. Á jẹ́ pé wọ́n nílò oríṣi ìbéèrè mẹ́wàá fún ìwé kan ṣoṣo, kó le dọ́gba, kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì bá ìbéèrè ẹ̀ mu. Ẹ rántí ibi tí a ti ń bọ̀: po ìbéèrè pọ̀, kí ìdáhùn tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ náà la tún padà sí.

Ọ̀nà mìíràn ni kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní gbọ̀ngàn tiẹ̀, ilé ìwé tó ń ṣe WAEC ní Nàìjíríà sì lé ní 23,000. Mélòó nínú wọn ló ní iná? Kódà níbi tí iná bá wà, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu bẹntiróò tí owó ẹ̀ ti fò sókè láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́. Dátà náà wọ́n, ní oṣù kìíní 2025 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, gbà kí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù fi tó 50% kún owó wọn. Ọmọ abúlé tí sẹ́ńtà jìnnà sí á wọ ọ̀kadà láàárọ̀ kùtù, owó ọkọ̀ ìwé mẹ́sàn-án kì í ṣe owó ọkọ̀ ìwé kan.

Ìwé Yorùbá ńkọ́, ṣé wọ́n máa tẹ àmì ohùn?

Èyí ò kan JAMB torí olóbjẹ́ẹ̀tífù ni, kò sì kan àwọn GCE torí inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ ẹ́sè. Ṣùgbọ́n tí ẹ́sè bá wá di títẹ̀ pátápátá, bí mínísítà ṣe kéde, ọmọ tó ń kọ àròkọ lédè Yorùbá á kan ògiri. Kíbọọ̀dù tó wà ní ọjà wa, kò sí ẹ lórí ẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Àmì ohùn ńkọ́? Èmi tí mò ń tẹ èyí, ètò kan wà lórí fóònù mi tó ń bá mi ṣe é, ọdún mélòó kan ni mo fi kọ́ ọ, síbẹ̀ ó ń lọ́ mi lápá. Ẹ wo ohun tó wà láàárín ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ àti ọ̀kọ̀. Tísà tó ń máàkì àròkọ ò ní mọ̀ bóyá ọmọ ò mọ àmì ohùn ni àbí kíbọọ̀dù ni ò gbà á. Ìṣirò àti Bàọ́lọ́jì náà ní tiwọn, báwo lèèyàn ṣe máa fi kíbọọ̀dù ya ọkàn èèyàn kó sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi gbogbo ọ̀nà tó gbà rí ìdáhùn hàn. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn tísà Yorùbá béèrè kíákíá nìyí, torí tí wọ́n bá dákẹ́ títí ètò á fi pé, ohun tó rọrùn fún ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa mú.

Ṣé àwọn ọmọ tiẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò?

Àwọn kan mọ̀ ọ́n, àwọn kan ò tíì fọwọ́ kàn án rí títí di òwúrọ̀ ìdánwò. JAMB mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ètò lẹ́tà mẹ́jọ: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí ìpinnu padà. Èèyàn lè ṣe ìbéèrè 180, 60 lórí Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù, kó má fọwọ́ kan máòsì rárá.

Mo tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi lẹ́sìn kan tí wọ́n ti ń múra fún JAMB lọ́jọ́ kan. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ọmọ sì lé ní ọgbọ̀n. Tísà yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un, ti fi máákà ya kíbọọ̀dù sórí káádíbọọ̀dù, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Á pe ìbéèrè jáde lẹ́nu, àwọn ọmọ á fi ìka tẹ lẹ́tà lórí káádíbọọ̀dù: "C! Ó yá, N!" Gbogbo ìka á jọ lọ sórí N lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ N orí káádíbọọ̀dù tiẹ̀ débi pé máákà ti ń pa rẹ́, ó fi bírò tún un kọ. Ìgbà tó kan òun láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gidi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó ń wá lẹ́tà P bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn, torí orí káádíbọọ̀dù, P tiẹ̀ tóbi.

Mo sọ ọ́ torí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní "ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́" lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ló ti wọlé, ìdánwò ló kọ́kọ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà, kíláàsì ṣì wà níbi tó wà. Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Ní 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, táábúlẹ́ẹ̀tì tí ìwé kíkà 56 lórí ẹ̀kọ́ 17 wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè àtijọ́, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èkó náà bẹ̀rẹ̀ EKOEXCEL ní 2020, tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gba táábúlẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Nígbà Kòrónà, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n láàbù kọ̀ǹpútà tí ọmọ á máa wọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ọn, kò kárí. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní láptọ́ọ̀pù nílé àti ọmọ tó mú káádíbọọ̀dù lọ́wọ́, gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n máa jókòó sí.

Fún àwọn tí kò ríran, JAMB ní ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú láti 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ló ń darí ẹ̀, wọ́n ní sẹ́ńtà tiwọn, wọ́n sì ń lo Braille. Àwọn òbí tọ́rọ̀ kàn ń béèrè irú ètò wo ni WAEC máa ṣe fún wọn lórí kọ̀ǹpútà.

Kí ló wà nílẹ̀ fún ọmọ tó ń múra lọ́wọ́?

Ọdún kan. Ọmọ tí JAMB ẹ̀ bá bàjẹ́ á dúró di ọdún tó ń bọ̀, òbí á tún ra fọ́ọ̀mù, á tún san owó lẹ́sìn. Ọmọ tí WAEC ẹ̀ bá bàjẹ́, kódà kó gba 320 ní JAMB, kò ní wọlé tí kò bá ní NECO tàbí èsì mìíràn tó péye. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe ọjọ́ méjì WAEC fi dun àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun tí àwọn tísà àti òbí ń béèrè lọ́wọ́ àjọ méjèèjì ò le: kí wọ́n fi ìwé ìdánwò díẹ̀ yẹ ìdáhùn wò kí èsì tó jáde, kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ àjọ náà wà níbẹ̀, kí ọmọ tó bá bẹ̀bẹ̀ lè rí ohun tó tẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi máàkì ẹ̀. Lórí bébà, èèyàn ṣì lè ní kí wọ́n gbé ìwé jáde kí wọ́n tún un máàkì. Lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó wà nínú sáfà nìkan ló wà.

Ní ti ọmọ fúnra ẹ̀, kó tọ́jú slip ìdánwò, orúkọ sẹ́ńtà, ọjọ́ àti aago tó wọlé. Ní 2025, sẹ́ńtà ni wọ́n fi mọ àwọn tó máa tún un ṣe, kì í ṣe orúkọ. Kí òbí má na ọmọ nítorí èsì lọ́jọ́ tó bá jáde, kó dúró lọ́sẹ̀ kan, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jọ jókòó ní sẹ́ńtà yẹn bóyá tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní kọ̀ǹpútà nílé, kó kọ́ lẹ́tà mẹ́jọ yẹn, káádíbọọ̀dù ò burú, ṣùgbọ́n kó wá ibi tó ti máa jókòó sídìí èyí tó jẹ́ gidi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán kí ọjọ́ tó pé.